Odi Ọba ní Agbómẹ̀ àti Ohun Tí Ilé Amọ̀ Kọ́ Wa

 

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìtàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí pé ìtàn ìlú tiwa ni a ó sọ. Odi àwọn tí wọ́n ti bá àwọn baba wa jagun rí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, a sì ní ìdí tí a fi yàn án. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú ẹgbẹ́ lọ́dún yìí, pé kí a wó ògiri àtijọ́ tí ó kù ní ààfin wa, kí a dí ìyókù yàrà tí ó yí ìlú ká, kí a sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ààfin tuntun àti ilé ìtajà sórí ilẹ̀ náà. Kí a tó nawọ́ sókè láti gbà tàbí láti kọ̀, ó yẹ kí a gbọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe nígbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá wọn.

Agbómẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba Dàhòmì àtijọ́. Ó wà ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí, èyí tí ó ń jẹ́ Dàhòmì títí di ọdún 1975. Ìlú náà tó nǹkan bí kìlómítà 140 sí Kutonu tí ó wà létí òkun. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ orúkọ odi. Ní èdè Fọ̀n, “agbo” ni yàrà pẹ̀lú erùpẹ̀ tí a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Mẹ̀” ni inú. Ẹni tí ó bá pe Agbómẹ̀ ti sọ pé “inú odi”. Yàrà jíjìn ni wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, wọ́n sì fi àwọn oníbodè sí ẹnu ọ̀nà. Nínú ìlú yìí ni odi mìíràn tún wà, odi tí ó yí ilé àwọn ọba ká. Òun ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Ọba méjìlá ni a kà pé wọ́n jẹ ní Dàhòmì láti nǹkan bí ọdún 1625 títí di ọdún 1900. Houegbadja, tí ó jọba ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni wọ́n ń pè ní ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ìjọba náà múlẹ̀. Àṣà kan sì wà láàárín wọn tí a bẹ̀ yín kí ẹ fi sọ́kàn. Ọba tuntun kì í wó ilé ọba àná kí ó tó kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn tí ó ti wà níwájú rẹ̀ ni ó ń kọ́ tirẹ̀ sí, tí yóò sì na odi náà síwájú láti gbà á. Akaba nìkan ni ó ní ọgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Báyìí ni ilé ń fà mọ́ ilé, tí àgbàlá ń bí àgbàlá, títí ilẹ̀ ààfin náà fi tó hẹ́kítà 47. Bí a bá tẹ́ pápá bọ́ọ̀lù sí ara wọn, yóò ju ọgọ́ta lọ kí wọ́n tó gba àyè tí ilẹ̀ yìí gbà. Ẹni tí ó bá rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì ti rin ìtàn ìlú náà já.

Kí ni wọ́n fi kọ́ ọ? Amọ̀ pupa ni, irú èyí tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa níhìn-ín. Wọn a wa ilẹ̀, wọn a bu omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dọ́gba, wọn a sì mọ ìpele kan yíká. Wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Ẹni tí kò bá ní sùúrù kò lè mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìpele tí kò gbẹ kò lè ru èyí tí ó wà lórí rẹ̀. Koríko ni wọ́n fi bo ilé, òrùlé náà a sì wálẹ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò ní láti tẹrí ba kí ó tó wọlé. Àwọn kan lè sọ pé kí àlejò lè bọ̀wọ̀ fún ọba ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ méjì ni ètè òrùlé náà ń ṣe, nítorí òun náà ni ó ń dáàbò bo ògiri kí òjò má baà na án.

Ètò inú ààfin náà jọ ti ààfin ilẹ̀ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan kò ní ṣìnà nínú èkejì. Ilé ẹnu ọ̀nà ni a ó kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàlá ìta, níbi tí àwọn ìjòyè ń péjọ sí. Lẹ́yìn èyí ni àgbàlá inú, níbi tí ilé gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní àjàlálá, tí ó ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀ ní iwájú. Ibẹ̀ ni ọba ń jókòó gba àlejò. Ibojì àwọn ọba àti ilé kékeré tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀mí wọn wà nínú odi kan náà, ìyẹn ni pé ọba tí ó wàjà kò kúrò nílé. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ọkùnrin tí ń sùn nínú ààfin bí kò ṣe ọba àti àwọn ìwẹ̀fà rẹ̀. Àwọn obìnrin ni ó kún inú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, àwọn ayaba, àwọn òṣìṣẹ́, àti àwọn obìnrin jagunjagun tí òkìkí wọn kàn dé ilẹ̀ Yúróòpù.

Lára ògiri àjàlálá ni iṣẹ́ ọnà tí ó sọ ilé náà di olókìkí wà. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ni wọ́n pò mọ́ epo pupa, tí wọ́n fi mọ àwòrán tí ó yọ lára ògiri, tí wọ́n sì fi aró ewé àti ti òkúta kùn ún. Ọkọ̀ òkun ni àmì Agaja, nítorí òun ni ó ṣí ọ̀nà òkun fún Dàhòmì nígbà tí ó ṣẹ́gun Àlàdá ní 1724 àti Wídà ní 1727. Ẹfọ̀n ni àmì Ghezo, kìnnìún ni ti Glele, ẹja ekurá sì ni ti Behanzin. Ghezo tún ní àmì ìkòkò tí ó ní ihò lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka kọ̀ọ̀kan dí ihò rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò ní jò. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kò lè rí àwọn ògiri wọ̀nyí kí a má sọ pé ìwé ni wọ́n. Àwọn tí kò ní bírò àti tádàwà fi amọ̀ kọ ìtàn wọn.

Ṣùgbọ́n ìwé náà kò dùn ún kà fún wa ní gbogbo ojú ewé. Àwọn Fọ̀n ń pe àwa Yorùbá ní Ànàgó, àwọn kan nínú àwòrán náà sì jẹ́ ti ìṣẹ́gun wọn lórí Ànàgó. Kí a baà lè mọ bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ọwọ́ wa ni ó wà lókè. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Dàhòmì. Wọ́n padà wá ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Agaja àti àwọn ènìyàn rẹ̀ a sì fi ilé sílẹ̀ sá wọ igbó títí àwọn ẹlẹ́ṣin yóò fi lọ. Ní 1730 ni wọ́n bá Aláàfin dá májẹ̀mú, nígbà tí ó sì di 1748 a tún májẹ̀mú náà ṣe, Dàhòmì sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún. Ìtàn àwọn Fọ̀n fúnra wọn sọ pé Tegbesu, tí ó jọba láti 1740, ti gbé ní Ọ̀yọ́ nígbà èwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fi dúró. Nígbà tí Ghezo gorí ìtẹ́ ní 1818, Ọ̀yọ́ ti ń fọ́ láti inú wá. Kò pẹ́ tí ó fi dáwọ́ ìṣákọ́lẹ̀ náà dúró. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìjà àárín àwa Yorùbá ni ó la ògiri náà lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ni ogun ti ń ti Agbómẹ̀ bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Òkè-Ọ̀dàn bàjẹ́ ní 1848. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, Ghezo gbógun ti Abẹ́òkúta. Ìtàn Ẹ̀gbá sọ pé àwọn ará Ìṣàgá ni ó tàn wọ́n lọ sí apá tí Ẹ̀gbá ti tún odi rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì kọsẹ̀ níbẹ̀. Glele gbẹ̀san lára Ìṣàgá ní 1862. Ó tún dé Abẹ́òkúta ní 1864, odi náà kò sì gbà fún un. Ní 1886 ni Kétu ṣubú. Ẹ fi èyí sọ́kàn pé odi Kétu kò wó. Ìyàn àti ètàn ni ó mú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹnu bodè Kétu tí à ń pè ní Àkábà Ìdènà, tí a ti tún ṣe lẹ́yìn ogun, ṣì wà ní ìdúró rẹ̀ títí di òní, àlejò sì ń lọ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tí ó korò. Owó tí ó kọ́ ààfin Agbómẹ̀ kì í ṣe owó epo nìkan. Owó ènìyàn wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ni a sì tà ní etíkun Wídà lọ sí Brazil àti Cuba. Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ta ènìyàn, àwọn ìlú wa mìíràn sì tà nígbà ogun. Bí a bá bínú sí ògiri Agbómẹ̀ nítorí èyí, a ó bínú sí ògiri tiwa náà. Ògiri kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni kí a má jẹ́ kí a pàdánù ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìbáà ṣe èyí tí ó dùn tàbí èyí tí ó dunni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Ọ̀gágun Dodds kó lẹ́yìn sún mọ́ Agbómẹ̀. Behanzin paṣẹ pé kí a finá sí ààfin kí ó má baà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Dodds wọlé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, èéfín ni ó pàdé. Ó kó ìtẹ́, ère àti ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Behanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Martinique. Ìlú Algiers ni ó kú sí ní 1906.

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹwà náà kì í dédé wá. Ẹnì kan ní láti pọn omi, ẹnì kan ní láti tẹ amọ̀, ẹnì kan ní láti gé koríko. Ní Agbómẹ̀ wọ́n ṣe é. Wọ́n tún ilé Ghezo àti ti Glele ṣe, àwọn méjèèjì ni a sì sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi páànù rọ́pò koríko lórí àwọn ilé kan, òrùlé kò bo ògiri tó bí ti àtijọ́ mọ́, òjò sì rí ọ̀nà dé ara àwọn àwòrán. Ní 1984 ìjì líle ba ibẹ̀ jẹ́. Ní 1985 Àjọ UNESCO kọ Agbómẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu. Ọdún 2007 ni a tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ewu náà. Ọdún méjìlélógún gbáko ni ó fi wà níbẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí a ṣe láàárín àkókò náà. Ní 1988, kí wọ́n tó tún ilé Glele kan tí ó ti bàjẹ́ kọ́, wọ́n gé àwòrán bí àádọ́ta kúrò lára ògiri rẹ̀, wọ́n sì kó wọn pamọ́. Láti 1993 títí di 1997, àwọn ọmọ Benin àti àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Getty ti Amẹ́ríkà jọ tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná tún jó àwọn ilé kan ní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà nínú èyí tí Dodds kó lọ. Ìtẹ́ àwọn ọba wà nínú wọn, ère àwọn ọba mẹ́ta wà nínú wọn, ìlẹ̀kùn ààfin Glele mẹ́rin náà sì padà wálé lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínláàádóje. Ẹ wá bi ara yín léèrè: ká ní wọ́n ti wó ilé náà láti kọ́ ilé ìtajà, ibo ni ìlẹ̀kùn yóò padà sí?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun tí Agbómẹ̀ kọ́ wa kò le láti lóye. Òjò kọ́ ni olórí ọ̀tá ilé amọ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn bá kúrò lára rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kú. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi dá ọdún Bẹẹrẹ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Àwọn tí ó rí ijó àti ìlù rẹ̀ lè pè é ní àríyá; àtúnṣe ilé ni a fi ọgbọ́n sọ di ọdún kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò ní ilé amọ̀ ń tini lójú níwájú àlejò. Àlejò ń wọ ọkọ̀ òfúrufú láti ìdí ayé lọ wo amọ̀ Agbómẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ òfúrufú wá wo búlọ́ọ̀kù wa. Wọn yóò ní kí a kúkú fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà. Sìmẹ́ńtì kì í bá amọ̀ rẹ́. Omi tí ó bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, bí ó bá sì pẹ́, sìmẹ́ńtì náà a ṣí pẹ̀lú amọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́. Wọn yóò tún ní Kábíyèsí kò gbọdọ̀ máa gbé inú ilé tí ó ń jò. Òtítọ́ ni. A kò sọ pé kí Kábíyèsí má ní ilé tuntun. Ohun tí a ń wí ni pé kí a ṣe é bí àwọn ọba Agbómẹ̀ ti ṣe é: kí a kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ààfin wa tí ó tó ilé búlọ́ọ̀kù tí ẹgbẹ́ ń fẹ́.

Nítorí náà a fi ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin síwájú àpéjọ yìí. Èkíní, kí a fi ilé ẹnu ọ̀nà àti àgbàlá àkọ́kọ́ ní ààfin sílẹ̀, kí a sì ṣe òrùlé tí ètè rẹ̀ gùn lé ògiri wọn kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Èkejì, kí a fi òfin de wíwa erùpẹ̀ nínú yàrà, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì gba ìwọ̀n tí ó kàn án láti máa ro. Ẹ̀kẹta, kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nígbà ẹ̀rùn fún àtúnṣe odi àti ààfin, kí tọmọdé tàgbà jáde, kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní London àti ní Amẹ́ríkà sì fi owó oúnjẹ àti omi ọjọ́ náà ránṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, kí a gba àwọn ọmọ ilé-ìwé láàyè láti wọn odi náà, kí wọ́n yà á sínú ìwé, kí wọ́n sì kọ ohun tí àwọn àgbà bá sọ nípa rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà. Àwa olùkọ́ yóò ṣe tiwa láìgba kọ́bọ̀.

Odi tí àwọn baba wa mọ kò gba ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò mọ̀ pé àwa ni a óò jókòó lónìí láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ tirẹ̀, ó dúró kí ó gbẹ, ó sì lọ. Ìpele tí ó kàn wà lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ó má jẹ́ ní ìgbà tiwa ni ìlú yóò pàdánù ohun tí ogun kò rí gbà.